Mo fẹ́ fi fóònù rìn káàkiri Ireland pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ń gbé ní Drogheda ní Ireland, ibẹ̀ ló bí àwọn ìbejì ẹ̀ sí, wọ́n ti ń lọ síléèwé báyìí, wọ́n ń kọ́ èdè Irish níléèwé, wọ́n ń jó ijó wọn, ọjọ́ Sọ́ńdè la máa ń ríra lórí WhatsApp. Tí wọ́n bá wá ń ròyìn ohun tí tíṣà kọ́ wọn, "Màmá ṣé ẹ mọ Newgrange, Màmá ṣé ẹ mọ Fionn", mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi dá wọn lóhùn, ó sì ń dùn mí. Dókítà ti ní kí n má wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́. Wọ́n ní èèyàn lè wo gbogbo ibẹ̀ lórí fóònù, pé virtual tour ni wọ́n ń pè é. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò fẹ́ èyí tó kàn jẹ́ òkè àti òkun nìkan o, ìtàn wọn ni mo fẹ́ mọ̀, àṣà wọn, ohun tójú wọn ti rí, kí èmi náà lè máa bi àwọn ọmọ yẹn ní ìbéèrè tó mọ́pọlọ dání. Android ni mò ń lò, dátà mi ò sì pọ̀. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín lóhùn.

Akin_Dublin

Ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Drogheda kẹ̀! Ìdí ìtàn ilẹ̀ yìí gan-an làwọn ìbejì yín ń gbé yẹn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má tíì wá sí Dublin, ẹ má sì tíì lọ wo òkè etíkun kankan, ibi tí àwọn ọmọ dúró sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Odò kan gba àárín ìlú yẹn kọjá, Boyne lorúkọ ẹ̀, tí ẹ bá tọ odò yẹn lórí máàpù Google láti Drogheda lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, kò ní pẹ́ rárá tẹ́ ẹ máa fi dé Brú na Bóinne, ibẹ̀ ni Newgrange tí wọ́n ń sọ wà.

Ibojì ni Newgrange. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Kristi, ó ju àwọn pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ lọ́jọ́ orí. Òkìtì ràgàjì ni, koríko bo orí ẹ̀, òkúta funfun ni wọ́n tò síwájú ẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wọnú ẹ̀ lọ tó gùn tó mítà 19 tó sì parí sí yàrá kékeré kan. Ẹ wá gbọ́ èyí tó jọ mí lójú jù: wọ́n dá ihò kan sókè ẹnu ọ̀nà yẹn, láàárọ̀ ìgbà tí ojúmọ́ kúrú jù lọ́dún, ní December, bí oòrùn bá ti yọ, ìtànṣán ẹ̀ á gba inú ihò yẹn wọlé, á máa fà díẹ̀díẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ títí á fi dé yàrá ẹ̀yìn pátápátá, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17, lẹ́yìn náà òkùnkùn á tún bò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael O'Kelly ló dúró nínú yàrá yẹn ní December 1967 tó fojú ara ẹ̀ rí i. Àwọn tó fẹ́ wọlé láàárọ̀ yẹn pọ̀ débi pé gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń fi í hàn live lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2020, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá a lórí wẹ́bsáìtì Heritage Ireland tí December bá dé.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ wá 3D-ICONS Ireland lórí Google. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwọn ibi àtijọ́ bíi mélòó kan síbẹ̀ lọ́nà tí ẹ fi lè fi ìka yí i po, ẹ wo iwájú ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo òkè. Brú na Bóinne wà níbẹ̀, Monasterboice náà wà níbẹ̀, ìtòsí Drogheda nìyẹn náà.

Ọmọ_Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ n bá Akin fi díẹ̀ kún un. Odò Boyne yẹn, obìnrin ni nínú ìtàn wọn, òrìṣà ni, Bóinn ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kànga kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ fún un, kò gbọ́ràn, ó lọ rìn yí i ká, ni omi bá ru jáde, ó ń lé e bọ̀ títí dé òkun, ipa ibi tómi gbà yẹn ló wá di odò. Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé létí odò Ọ̀ṣun, ẹ̀yin lẹ máa mọ bí ẹ ṣe máa bá wọn jíròrò èyí, kí wọ́n sọ ti Bóinn fún yín kẹ́yin náà sọ ti Ọ̀ṣun fún wọn, Sọ́ńdè kan ti lọ nìyẹn.

Etí odò yẹn náà ni ìtàn Fionn tí wọ́n ń bi yín ti wáyé. Akéwì àgbà kan tó ń jẹ́ Finnegas ti ń ṣọ́ ẹja kan nínú Boyne fún ọdún méje, ẹja salmon tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ni gbogbo ọgbọ́n ayé máa wọnú ẹ̀. Nígbà tó wá rí i pa, ó ní kí ọmọdé tó ń sìn ín, ìyẹn Fionn, bá òun sè é, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ nínú ẹ̀. Ọmọ náà ń yí ẹja lórí iná, ara ẹja wú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó jó o, ó sáré fi ìka sẹ́nu. Bí ọgbọ́n ṣe bọ́ sí i lára nìyẹn. Látìgbà yẹn, tí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, àtàǹpàkò ló máa fi sẹ́nu. Ẹ bi àwọn ìbejì pé ṣé bàbá àgbà yẹn bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìyókù fún yín.

Fóònù_Dókítà

Ọ̀rọ̀ dátà ni tèmi. Màmá, àwọn virtual tour yìí máa ń jẹ dátà gan-an, pàápàá èyí tó bá jẹ́ pé inú ilé lẹ ń rìn. Ẹ má ṣí i lórí fóònù tiyín. Nínú WhatsApp, tẹ́ ẹ bá ti wà lórí vídíò kọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ yẹn lè fi ojú fóònù tiwọn hàn yín, àmì ẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pa kámẹ́rà, ìyá wọn á mọ̀ ọ́n. Àwọn ni wọ́n máa ṣí i lọ́dọ̀ tiwọn, Wi-Fi tiwọn ló máa gbé ẹrù, ẹ̀yin á kàn máa wò ó, ẹ á máa sọ pé "ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ padà sẹ́yìn, kí nìyẹn". Dátà vídíò kọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ ti ń ná tẹ́lẹ̀ náà ni. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀ torí pé àwọn ni wọ́n ń mú yín rìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wò ó, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀ kó fẹ̀. Lórí èyí tó jẹ́ ilé, ẹ máa rí àwọn òbìrìkítí nílẹ̀, èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lẹ máa bára yín lórí ẹ̀, tí òbìrìkítí bá wà lára gíláàsì, àlàyé ohun tó wà níbẹ̀ ló máa jáde. National Museum of Ireland ní irú ẹ̀ lórí wẹ́bsáìtì wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí èyí tó wà ní Kildare Street ní Dublin, ẹ wo Tara Brooch, ìyẹn ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń de aṣọ, àti ife Ardagh, iṣẹ́ wúrà àti fàdákà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe lọ́ okùn wúrà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn òkú tí wọ́n bá nínú ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ náà, àwọ̀ ara wọn ò tíì jẹrà láti bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé. Ẹ yẹra fún yàrá yẹn tó bá jẹ́ àwọn ọmọ kékeré ló ń mú yín rìn.

Tíṣà_Ìbàdàn

Ẹ kú ọgbọ́n gbogbo yín. Ṣùgbọ́n Màmá sọ pé òun fẹ́ mọ ohun tójú wọn rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tójú àwọn ará Ireland rí, tí kò bá mọ ìtàn ìyàn ńlá wọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan so mọ́, ìdí tí wọ́n fi pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìdí tí èdè wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ìdí tí inú fi ń bí wọn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1841 àwọn èèyàn erékùṣù yẹn ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ńláńlá ni ilẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ wọn tiẹ̀ ń gbé ní Ìlú Ọba, àwọn tálákà ló ń ro ó, ọkà àti màlúù tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń san owó ilẹ̀, ohun tí wọ́n wá ń jẹ fúnra wọn ni pòtétò, torí pé ilẹ̀ bíńtín lè bọ́ odindi ìdílé tó bá jẹ́ pòtétò lèèyàn gbìn. Ní 1845 àrùn kan dé. Ewé á dúdú, kó tó dọjọ́ mélòó kan, èyí tó wà nínú ilẹ̀ á ti rà, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo oko. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Ibi tó dùn mí jù nìyí o, ọkà àti màlúù ṣì ń jáde ní èbúté wọn lọ sí Ìlú Ọba nígbà tébi ń pa àwọn tó gbìn ín, àwọn ìjòyè ìjọba ní London sì ń sọ pé kí wọ́n má dí ọjà lọ́wọ́. Ní 1847 wọ́n gbé ilé ìdáná ọbẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn lóòjọ́ nígbà tó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà wọ́n pa á tì, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ bá ju ìdá mẹ́rin éékà lọ gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ kó tó lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Láàárín 1845 sí 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tó wọkọ̀ ojú omi lọ. Títí dòní olónìí, tí ẹ bá ka gbogbo erékùṣù náà pọ̀, àríwá àti gúúsù, wọn ò tíì padà tó iye tí wọ́n jẹ́ ní 1841.

Èyí tẹ́ ẹ máa wò: ẹ wá Skibbereen, ìlú kan ní West Cork. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ James Mahony lọ síbẹ̀ ní 1847, ìwé ìròyìn London kan gbé àwòrán ẹ̀ jáde, wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wá ère tó ń jẹ́ Kindred Spirits ní Midleton, Cork náà ni, ìyẹ́ idì mẹ́sàn-án tí wọ́n fi irin ṣe tí wọ́n dúró yíra ká nínú pápá. Àwọn Choctaw, ìyẹn àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò nílé bàbá wọn nígbà náà, ni wọ́n dá owó jọ ní 1847, wọ́n fi dọ́là 170 ránṣẹ́ sáwọn tébi ń pa ní Ireland. Àwọn ará Ireland ò gbàgbé, nígbà Kòrónà ní 2020 ọ̀pọ̀ wọn dáwó fáwọn Navajo àti Hopi, àwọn onílẹ̀ àtijọ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà, nítorí oore àwọn Choctaw yẹn. Ẹ lè sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́fà, á yé e.

Màmá_Ìbejì_Òṣogbo

Tíṣà, ẹ ṣeun, omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé báyìí lọ̀rọ̀ wọn ṣe jẹ́, èèyàn á máa wò wọ́n bí òyìnbó tí nǹkan kan ò ṣe rí láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibì kan wà téèyàn ti lè rí ti àwọn mẹ̀kúnnù fúnra wọn, kì í ṣe ọba àti ọmọ ogun nìkan? Bí wọ́n ṣe ń sin òkú, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ, oògùn wọn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bísí_Cork

Ó wà o Màmá, òun gan-an ni mo ti ń dúró kí ẹnì kan béèrè. Ẹ lọ sí dúchas.ie. Láàárín 1937 sí 1939, wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yẹn ní ìwé, wọ́n ní kí wọ́n lọ bi àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn léèrè: ìtàn àdúgbò, oògùn ìbílẹ̀, eré ọmọdé, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa iwin, bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́tà, ohun tí wọ́n rántí nípa ìyàn yẹn. Iléèwé bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló kópa. Ìwé yẹn gan-an, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọmọ náà, ni wọ́n ti yà sórí wẹ́bsáìtì, ẹ lè fi orúkọ àdúgbò wá a. Ẹ tẹ Louth, ìyẹn ìpínlẹ̀ tí Drogheda wà, ẹ wá èyí tó sún mọ́ iléèwé àwọn ìbejì. Ọ̀pọ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan jẹ́ èdè Irish, àwọn ìbejì á tú u fún yín.

Èkejì ni sẹ́ńsọ́ọ̀sì 1901 àti 1911, National Archives wọn ti gbé e sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù tí olórí ilé kọ lọ́wọ́ ara ẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ wo ti 1911. Wọ́n bi obìnrin tó wà nílé ọkọ pé ọdún mélòó lo ti ṣe, ọmọ mélòó lo bí láàyè, mélòó ló kù. Ẹ máa rí ilé tí wọ́n kọ 9 sí tí wọ́n sì kọ 5 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ pé bàbá ò lè kàwé, tó wá fi àmì X síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí. Ẹ máa rí ilé tí ìyá àgbà ń sọ èdè Irish àti Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan làwọn ọmọ gbọ́. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, mo lè jókòó ti ibẹ̀ láti alẹ́ dójúmọ́. Ẹ mú òpópónà kan péré ní Drogheda, ẹ ka ilé kan tẹ̀ lé òmíràn.

Tó bá jẹ́ ohùn lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ wá Doegen Records. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Wilhelm Doegen, ni wọ́n gbé wá ní 1928, títí di 1931 ni wọ́n fi ń gba ohùn àwọn tó ń sọ èdè Irish sílẹ̀, orin, àlọ́, àdúrà. Àwọn agbègbè kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń sọ irú èdè wọn yẹn mọ́.

Onísẹ́ọnà_Ifẹ̀

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Book of Kells! Ìwé Ìhìnrere mẹ́rin ni, àwọn mọ́ńkì ló fọwọ́ kọ ọ́ sórí awọ ọmọ màlúù ní nǹkan bí ọdún 800. Wọ́n gbà pé Iona ní Scotland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn Viking, ìyẹn àwọn ọlọ́ṣà orí omi láti àríwá Yúróòpù, ń kó wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sá wá sí Kells, Meath náà ni, ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Newgrange. Ní 1007 wọ́n tiẹ̀ jí i gbé, wọ́n gba wúrà ara èèpo ẹ̀, wọ́n bá ìwé yòókù lábẹ́ koríko. Trinity College ní Dublin ló wà báyìí, wọ́n sì ti ya gbogbo ojú ìwé ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́. Ẹni tó lọ síbẹ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀, ojú ìwé tí wọ́n bá ṣí lọ́jọ́ yẹn nìkan ló máa rí nínú gíláàsì.

Màmá, ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n ṣí folio 34r, nọ́ńbà ojú ìwé kan nìyẹn. Lẹ́tà ńlá kan tó gba gbogbo ojú ìwé lẹ máa kọ́kọ́ rí, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Kristi ni. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ máa rí ológbò méjì tí wọ́n jókòó, eku wà lẹ́yìn wọn, àwọn eku méjì mìíràn ń fa búrẹ́dì róbótó kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ lọ sápá ọ̀tún díẹ̀, ẹran omi dúdú kan gbé ẹja sẹ́nu. Mo ti ń gbẹ́gi láti kékeré, mo mọ ohun tó ń gbà kí ọwọ́ tó lè yí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, ojú oòrùn àti àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe é, mi ò lè ṣíwọ́ wíwò ó.

Ìyá_Oníkátólíìkì

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìjíròrò. Àwa tá a dàgbà ní àsìkò òmìnira mọ àwọn Irish kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Àwọn sísítà tó kọ́ wa níléèwé, Cork ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn fádà SMA, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì, tẹ́ ẹ̀ ń rí ní Èkó, Ìbàdàn àti Èkìtì náà, ẹ̀ka ti Ireland tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń rán wọn wá. Fádà Kevin Carroll wà nínú àwọn tó gbé ilé iṣẹ́ ọnà kalẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Bándélé ọmọ Aréògún àti Lámídì Fákẹ́yẹ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà tiwa. Patrick Mímọ́ tí wọ́n ń ṣọdún ẹ̀ ní 17 March, òun náà ni alábòójútó Nàìjíríà láti 1961. Nítorí náà Màmá, ẹ má rò pé àjèjì pátápátá lẹ jẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà ládùúgbò tó lọ iléèwé sísítà, ẹ bi í, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Akin_Dublin

Ìyá wa sòótọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ Rotimi Adebari náà, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọdún 2000 ló dé Ireland, ní 2007 ó di olórí ìlú Portlaoise, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ mayor ní gbogbo Ireland. Ìtàn Ireland nìyẹn náà, ó sì jẹ́ tàwọn ìbejì.

Alhaja_Ṣakí

Salaam. Ọ̀kan péré ni tèmi. Chester Beatty, inú ọgbà Dublin Castle ló wà. Olówó ará Amẹ́ríkà kan tó kó lọ sí Ireland ló fi gbogbo ìwé tó ti ń kó jọ ta orílẹ̀-èdè yẹn lọ́rẹ. Àlùkùráánì tí Ibn al-Bawwab kọ ní Baghdad ní 1000 sí 1001 wà níbẹ̀, ẹ lè wò ó lórí ayélujára. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé Ireland nirú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, mo fi han àwọn ọmọ iléèwé kéwú wa, wọ́n pariwo.

Káyọ̀dé_Belfast

Ẹ jọ̀ọ́, kí n kìlọ̀ díẹ̀. Màmá, Drogheda tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, ìtàn ogun wà ńbẹ̀ tó ṣì ń dun àwọn èèyàn. September 1649, Oliver Cromwell kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá, ó já ògiri ìlú, wọ́n pa àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ ní ìpakúpa. Ní 1690 ogun Boyne wáyé lẹ́bàá ìlú náà, níbi tí ọba William tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ti ṣẹ́gun ọba James tó jẹ́ Kátólíìkì, ilé Oldbridge tó wà lójú ogun yẹn ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ lè wò ó. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Northern Ireland, tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ṣì máa ń yan káàkiri ìgboro ní 12 July nítorí ogun yẹn, tìlùtìfèrè, inú àwọn Kátólíìkì púpọ̀ kì í dùn sí i. Nítorí náà, ìtàn apá kan ṣoṣo kọ́ ni kí ẹ kà. Tẹ́ ẹ bá dé ti ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí níparí 1960s, tó lọ títí di àdéhùn Good Friday ní 1998, wẹ́bsáìtì CAIN ti Ulster University ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀rọ̀ tọ̀túntòsì wà níbẹ̀.

Tíṣà_Ìbàdàn

Káyọ̀dé, kí ló dé tóo sọ ti Cromwell gẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ogun nìkan kọ́ ló pa, ó pa àwọn àlùfáà, wọ́n pa aráàlú.

Káyọ̀dé_Belfast

Tíṣà, mi ò gbè sẹ́yìn ẹ̀ o sà. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn pa àwọn ọ̀gá, nínú ẹ̀ṣọ́ ilé ìṣọ́ kan àwọn pa ẹnì kan nínú mẹ́wàá, àwọn sì kó ìyókù lọ sí Barbados. Iye aráàlú tó kú làwọn òpìtàn ṣì ń jà lé lórí títí dòní, ìdí nìyẹn tí mo fi rọra sọ ọ́. Inú ìlú yẹn làwọn ọmọ ń gbé, ó yẹ kó jẹ́ ohun tó dájú ni wọ́n máa bá wọn sọ.

Tíṣà_Ìbàdàn

O wí ire, mo gbà. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí Màmá wo Virtual Record Treasury of Ireland náà. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, 30 June 1922, iná jó ilé tí wọ́n kó ìwé ìjọba sí ní Dublin, ìwé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje ló jóná, ó jó sẹ́ńsọ́ọ̀sì tí wọ́n kà ṣáájú ìyàn mọ́ ọn, bébà tó jó kù ń fò kiri ìgboro. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 2022, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ ilé náà padà bó ṣe rí, pẹ̀lú àwọn pẹpẹ ìwé ẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹ̀dà àwọn ìwé tó jóná káàkiri àgbáyé, wọ́n ń dá wọn padà síbẹ̀. Nínú gbogbo virtual tour tá a dárúkọ níbí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Màmá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Èdè ò gbà á mọ́. Mo ti ní kí àbúrò ọkọ mi kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún mi. Newgrange ni màá fi bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè yìí, lẹ́yìn náà Fionn, ti ìyàn màá kọ́kọ́ bá ìyá wọn sọ ọ́ ná. Ìbéèrè méjì ló kù: aago mélòó lọ́dọ̀ wa ni ti oòrùn December yẹn? Àti pé Monasterboice tí Akin dárúkọ, kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀?

Akin_Dublin

Monasterboice, àgbélébùú òkúta ni Màmá, ti Muiredach ló lókìkí jù, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, wọ́n ti gbẹ́ ìtàn Bíbélì sí i lára látòkè délẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé, Ádámù àti Éfà wà níbẹ̀, Dáfídì àti Gòláyátì wà níbẹ̀, ọjọ́ ìdájọ́ wà láàárín. Àwọn tí ò mọ̀wé nígbà náà ni wọ́n ń fi kọ́. Lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn èèyàn gbàdúrà fún Muiredach tó ní kí wọ́n ṣe é, ológbò méjì sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ní kí àwọn ìbejì wá ológbò yẹn jáde fún yín lórí 3D-ICONS, tó bá yá kí ìyá wọn fi mọ́tò gbé wọn lọ, kò jìnnà sílé wọn.

Fóònù_Dókítà

Ti aago: nígbà òtútù, Ireland fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Nàìjíríà, nígbà ooru aago wa ṣe déédéé. Oòrùn yẹn máa ń wọlé nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ni pé kí ẹ ti wà nídìí fóònù ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ yín. Wọ́n máa ń fi hàn fún ọjọ́ bíi mélòó kan yí ká 21 December, tí kùrukùru bá bo oòrùn lọ́jọ́ kan, ẹ gbìyànjú ọjọ́ kejì. Ẹ ra dátà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì gba iná sí fóònù kó kún.